Bí Ọmọ Bá Gbé Ohun Ìfọlé Mì: Ẹ Má Bu Epo, Ẹ Má Jẹ́ Kó Bì, Ẹ Gbé E Lọ

Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí, ìyá àgbà, alágbàtọ́ àti olùkọ́ jéléósinmi ní Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, nílùú Ìbàdàn

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀, IBÍ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ KÀ

1. Ẹ gba ike tàbí ìgò náà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi nu ètè àti inú ẹnu rẹ̀.
2. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ má fún un ní epo pupa, omi iyọ̀, ẹyin tútù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí àgbo kankan.
3. Bí ojú rẹ̀ bá dá ṣáṣá, tó ń sunkún dáadáa, tó sì ń dá itọ́ mì, ẹ lè fún un ní omi mímu díẹ̀díẹ̀, ẹnu kan tàbí méjì. Ẹ má fi ipá rọ ọ́. Bí kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù bá ni ó mu, ẹ má fún un ní ohunkóhun.
4. Bí ó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ máa da omi sí ibẹ̀. Bí ó bá ta sí i lójú, ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn án fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.
5. Bí ó bá ń tòògbé tàbí tó dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.
6. Ẹ mú ike náà dání, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, tàbí 615 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí mọ́tò bá wà nítòsí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

BÍ Ó ṢE MÁA Ń ṢẸLẸ̀

Ẹ jẹ́ ká mú àgbàlá kan ní Agbowó, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn. Àárọ̀ Sátidé ni, ìyá ọmọ ń fọṣọ. Lánàá ni ó ra ọṣẹ olómi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Kò ní ike lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò Fanta tí wọ́n ti mu tán. Àwọ̀ ọsàn ni ọṣẹ náà. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, ó yíjú padà láti sá aṣọ sórí okùn. Ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, rí ìgò tó mọ̀. Nínú irú ìgò yìí ni wọ́n ti fún un ní nǹkan dídùn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó gbé e sẹ́nu.

Kí ìyá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, itọ́ tó ń hó ti ń ṣàn ní igun ẹnu ọmọ. Alábàágbé kan ti sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí epo pupa, òmíràn ń wá iyọ̀, ẹnì kẹta ní kí wọ́n dojú ọmọ délẹ̀ kí wọ́n gbá a lẹ́yìn. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ọmọ náà ti wà nílẹ̀: aṣọ mímọ́, omi, ìgò yẹn gan-an, àti ẹni tó máa lọ dá takisí Micra dúró lójú títì.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bí àgbà bá wá bu oògùn sínú abọ́ ẹ̀fọ́, ṣé ọmọdé ni a ó bá wí?

KÍ LÓ DÉ TÍ A FI NÍ KÍ Ẹ MÁ FÚN UN NÍ EPO?

Ẹ̀rọ̀ ni epo pupa lọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń yá síbẹ̀. A ò bá epo jà. Ẹ ṣáà wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ọmọ. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ásíìdì àti bílíìṣì tó le máa ń jó ara tí wọ́n bá kàn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń bó ọ̀nà ọ̀fun. Epo kò lè tún ibi tó ti bó ṣe, kò sì lè fa májèlé náà padà. Èébì ló máa ń fà, ohun tó sì jó ọmọ nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Bí díẹ̀ nínú epo tàbí èébì náà bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn kejì ti dé nìyẹn, àìsàn tó lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Àwọn kan gbọ́ pé ohun kíkan ló ń ṣẹ́gun sódà. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ikùn, ooru ni wọ́n ń dá sílẹ̀, ara tó ti bó ni ooru náà yóò sì bá. Ní ti àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń lò fún gìrì, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ti ń kìlọ̀ nílùú Ìbàdàn níbí pé ó ń dín èémí ọmọ kù, ó sì ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ tó ti mu májèlé kan, ẹ má fi òmíràn kún un.

ÀWỌN OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ WA ÀTI OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE

- Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tí àwọn kan tún fi ń ṣí páìpù tó dí: òun ló burú jù. Ó funfun bí ṣúgà tàbí iyọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ti ń jó ọ̀fun wọnú.
- Ásíìdì bátìrì àti oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: wọ́n lè jó ọ̀fun, wọ́n sì lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn.
- Bílíìṣì, irú Jik tàbí Hypo: bí ó bá jẹ́ díẹ̀, ó sábà máa ń ta ẹnu àti ikùn lásán. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà láti inú kẹ́ẹ̀gì lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré sì jọ omi inú ọ̀rá lójú ọmọ.
- Ọṣẹ olómi: ó ń hó nínú ikùn, bí ọmọ bá sì bì, ìhó náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.
- Kẹrosíìnì: ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń bá jà. Ọmọ lè máa ṣeré lẹ́yìn tó mu ún, kí èémí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yára lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.
- Oògùn kòkòrò: kì í ṣe ohun ìfọlé, ṣùgbọ́n igun kan náà ni a ń kó wọn sí. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títà ìgò oògùn kòkòrò Sniper kékeré oní-100 ml láàárín ọjà. Bí ọmọ bá mu irú rẹ̀, itọ́ á máa da lẹ́nu rẹ̀, á máa làágùn, ara rẹ̀ á sì rọ.

Ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé. Afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n ń mú jáde. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ gbé ọmọ síta gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

ÀMÌ TÓ FI HÀN PÉ EWU TI DÉ

Ọmọ kò lè dá itọ́ mì, itọ́ ń ṣàn ṣáá. Ohùn rẹ̀ há, tàbí èémí rẹ̀ ń dún. Ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú, tàbí ó funfun bí ẹni tí omi gbígbóná bó. Ó ń mí gúlegúle, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Ó bì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì rẹ̀. Ó ń tòògbé láìsí ìdí, tàbí gìrì mú un.

Ẹ má dúró kí àmì wọ̀nyí tó yọ kí ẹ tó gbéra. Ẹnu ọmọ lè mọ́ tónítóní, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nísàlẹ̀ ti bó.

IBO NI KÍ Ẹ GBÉ E LỌ?

Láti Agbowó àti Bódìjà, ilé ìwòsàn UCH ni, níbi tí ẹ̀ka pàjáwìrì ti àwọn ọmọdé wà. Láti Dùgbẹ̀, ẹ lè gba Mọ́kọ́lá lọ sí UCH. Láti Ring Road àti Challenge, Oni Memorial Children's Hospital àti ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ring Road. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí ọ̀nà, ẹ yà sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kí wọ́n kọ́kọ́ dá èémí ọmọ sí.

Ẹ má tìtorí owó jókòó sílé. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san ₦100,000 owó ìtanràn, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó gba méjèèjì.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ILÉ ÌWÒSÀN

Nọ́ọ̀sì yóò béèrè pé: Kí ló mu? Ìgbà wo ni? Báwo ló ti pọ̀ tó? Ṣé ó bì? Kí ni ẹ ti fún un? Ẹ fi ike náà hàn wọ́n. Bí ẹ bá ti fún un lépo, ẹ sọ ọ́. Wọn ò ní bínú sí yín. Òótọ́ tí ẹ bá sọ ni yóò tọ́ dókítà sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ kẹrosíìnì, wọ́n lè ní kí ẹ dúró ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n lè máa wo èémí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sódà, wọ́n lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníná wo inú ọ̀fun rẹ̀.

Bí ẹ bá padà sílé, ọ̀rọ̀ lè má tíì tán. Ọgbẹ́ sódà tó ń jinná lè fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọmọ tó ti ń jẹ àmàlà tẹ́lẹ̀ bá wá di ẹni tí ẹ̀kọ mímu nìkan ń wọlé fún, ẹ gbé e padà wá kíákíá.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi sódà ṣe ọṣẹ, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Dókítà ọ̀fun kan, Chevalier Jackson, tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tí sódà jó. Ó ń rọ àwọn aṣòfin títí òfin fi jáde ní 1927 pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ májèlé gàdàgbà sára irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, dókítà ọmọdé kan, Henri Breault, ló ṣe agbátẹrù ìdérí tí a gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ kó tó yí, ní 1967. Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ fún wa: ìkìlọ̀ lára ike, àti ìdérí tí ọwọ́ ọmọ kò ká. Lọ́jọ́ tí a bá rọ ọṣẹ sínú ìgò Fanta, ìkìlọ̀ àti ìdérí náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

- Inú ike tirẹ̀ ni kí ohun ìfọlé máa gbé. Bí ẹ bá ń ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà, ẹ mú ike tí kì í ṣe ti ohun mímu lọ, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára.
- Ẹ gbé e sókè, kọjá ibi tí ọmọ lè nawọ́ dé tó bá gun àpótí. Abẹ́ sínkì kì í ṣe ibi ìpamọ́.
- Bí ẹ bá ń lò ó lọ́wọ́, tí fóònù bá dún tàbí tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ dé e, kí ẹ gbé e sókè.
- Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀ àti gbogbo ará àgbàlá, kó tó di ọjọ́ tí ọwọ́ ẹnì kan yóò yá sí ṣíbí epo.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo abẹ́ sínkì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bàlùwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ báfù. Ìgò Fanta, ìgò omi tàbí ike Ribena tí ohun ìfọlé bá wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú ike mìíràn, kí ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ sì ju ìgò ohun mímu náà sínú ààtàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọmọ tó jí.