Ìsinmi Àìsàn Olùkọ́: Ẹ̀tọ́ Ni, Àmánà sì Ni

 

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń kéwú lọ́dọ̀ wa ló jẹ́ pé ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n ń lọ láàárọ̀. Ẹ ó rí wọn lọ́wọ́ ọ̀sán tí wọ́n bá ń gba Tinúbú Square kọjá, yunifọ́ọ̀mù àárọ̀ ṣì wà lára wọn, Kùránì wà nínú báàgì. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wọn láàárọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìpàdé àwọn òbí tí a ṣe kẹ́yìn, ìyá kan dìde, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ ọmọ òun kò ti yọjú, pé ṣe ni àwọn ọmọ kàn ń jókòó tí wọ́n ń pariwo títí agogo yóò fi lù. Bàbá kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí ìjọba gé owó oṣù irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lé e. Ìgbà náà ni ìyá mìíràn tó mọ olùkọ́ ọ̀hún sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí òfin wí lórí rẹ̀, àwa olùkọ́ ilé-kéwú pàápàá kò lè sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. A lọ wádìí, èyí sì ni ohun tí a rí.

Ìsinmi àìsàn ni àkókò tí òfin fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dúró, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i. Ó yàtọ̀ sí lívù ọdọọdún. Ẹni tó ń lọ lívù ló mọ ọjọ́ tí yóò lọ, ṣùgbọ́n àìsàn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Nínú Súúrà Núúrì àti Súúrà Fátíhì, Ọlọ́hun gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn aláìsàn. Nínú Súúrà Bákárà, Ó yọ̀ǹda fún un láti jẹun nínú Ràmádáànì, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò lè dìde kírun, ó lè jókòó kí i. Ẹni tí kò lè jókòó, ó lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jùlọ ni hadíìsì tí Abú Músá gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tó sì wà nínú ìwé Bùhárì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹrú Ọlọ́hun bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà lórí ìrìn-àjò, wọn yóò máa kọ láádá iṣẹ́ tó ti máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ fún un. Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ tí kò ṣe ni wọ́n ń kọ fún un, nítorí pé àìsàn ló dí i lọ́wọ́. Bí Ọlọ́hun kò bá gé láádá aláìsàn, akọ̀wé wo ni yóò gé owó oṣù rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tó ti máa ń ṣe nígbà tí ara le ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí kì í yọjú síbi iṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ le, kí ni wọn yóò rí kọ fún un?

Ní ti òfin ìjọba, Òfin Iṣẹ́ ti 1974 tí wọ́n ń pè ní Labour Act sọ ní abala 16 pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan bí àìsàn bá dá a dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn wà fún. Kò kó olùkọ́ ìjọba mọ́ra. Ìwé Òfin Iṣẹ́ Ìjọba ló de àwọn wọ̀nyẹn. Nígbà tí èyí tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ ní 2008 ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fún òṣìṣẹ́ tí wọn kò dá dúró sí ọsibítù ní ọjọ́ 42 nínú ọdún kan, ó sì fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ara kò tíì yá, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò sọ bóyá kí wọ́n fi àyè kún un fún un tàbí kí ó fẹ̀yìntì nítorí àìlera. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Kí olùkọ́ Èkó má ṣe fi ìwé Àbújá jà. Kí ó béèrè èyí tó de òun.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà kò nira. Olùkọ́ tí ara rẹ̀ kò yá yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé ló máa jẹ́ iṣẹ́ náà. Yóò lọ sí ọsibítù, dókítà yóò sì kọ ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní excuse duty fún un, tí iye ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà kò jìn: Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Odan láti 1893 kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Tinúbú. Ọ̀gá àgbà yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sókè. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lábẹ́ SUBEB. Ti girama ń lọ sí Education District, níbi tí Tutor-General ti jẹ́ olórí. Ìwé tí kẹ́místì ìta gbangba kọ kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́wé-ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ara ti yá. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo àgbo. Ẹ̀rí tí ọ́fíìsì ń wá ni a ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni a ó dúró sí díẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ìwé dókítà bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Wọ́n á lọ sí òde ìyàwó ní ìlú mìíràn, wọ́n á ní ibà ló mú àwọn. Ẹ̀rí èké ni èyí, ó sì wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá tí Ànábì kìlọ̀ fún wa lé lórí. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó rà á jọ pín in ni. Owó oṣù tó sì gbà fún ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá hàlálì ni. Lọ́wọ́ kejì, àwọn akọ̀wé kan wà tí wọ́n ń ti ìwé aláìsàn bọ inú dúrọ́ọ̀, tí kò ní jáde àfi bí ìdílé rẹ̀ bá mú nǹkan wá. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó ń ṣàìsàn! A kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Nítorí ìbẹ̀rù irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn ń fi àìsàn wá sí kíláàsì. Wọ́n ń húkọ́ sí ọmọ 50 lára. Àwa ará Èkó ti mọ ohun tí èyí lè dà. Nígbà tí Ebola wọ ìlú yìí ní oṣù keje 2014, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e wọlé. Ní 2020, Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa. Ànábì ti sọ fún ẹni tó ní ràkúnmí tó ń ṣàìsàn pé kí ó má ṣe dà á mọ́ èyí tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ràkúnmí, ti ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Ó ku ìbéèrè ìyá yẹn: ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Ibí ni a ti kù díẹ̀ káàtó jùlọ. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sọ fún yín pé bí olùkọ́ bá ṣàìsàn níbẹ̀, ilé-ìwé á pe olùkọ́ adélé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dípò ẹni tí kò sí nílé. Lọ́dọ̀ wa, kíláàsì méjì ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀, tàbí kí wọ́n fi mọ́nítọ̀ ṣọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà tó mọ iṣẹ́ kì í dúró de ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kìíní gan-an, á ti gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà láti mọ ibi tó dé, á pín àwọn àkókò rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó ṣẹ́kù, òun náà á sì mú díẹ̀. Bí dókítà bá ti kọ ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, á kọ̀wé sókè pé kí wọ́n yá òun ní olùkọ́. Àwọn òbí lè béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, dípò kí wọ́n máa béèrè orí aláìsàn. Ẹ má sì ka oyún mọ́ àìsàn: ìyẹn ní lívù tirẹ̀, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ di oṣù mẹ́fà ní 2014 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé tiwa. Láti 1896 tí ìjọba ti dá ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ni olùkọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí ti lè gba owó oṣù ìjọba. Ṣùgbọ́n àfáà ilé-kéwú wà lóde títí di òní. Owó Àlàrùbá ló ń jẹ, àti ohun tí wọ́n bá fún un níbi ìsọmọlórúkọ tàbí wòlíìmá. Lọ́jọ́ tó bá dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀kan nínú wa ní táífọ́ọ̀dù ní ọdún kan, ó ń wá, ó ń fẹ̀yìn ti ògiri kọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé bí kò bá wá, àwọn ọmọ tirẹ̀ kò ní jẹun. Kò sí òbí tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Àwa náà kò béèrè bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, Mùdíírù àti àwọn àgbà ìjọ fẹnu kò pé àfáà kọ̀ọ̀kan ní modirasa wa yóò ní ọjọ́ 12 lọ́dún, bí ti Òfin Iṣẹ́, tí owó rẹ̀ yóò máa wọlé bí ó bá mú ìwé dókítà wá. Àwọn ọmọ tó ti wòlíìmá ni yóò máa dípò rẹ̀, méjì méjì. Àpótí owó rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́sálásí, a sì ń ṣí i ní gbogbo Jímọ́ọ̀ lójú ènìyàn mẹ́ta. Ìwé orúkọ àwọn òbí tó ń dá a wà lọ́wọ́ akápò. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, kò tíì kún ojú-ewé kan.