Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀: Ohun Tí Ń Pa Á Lójú Ọ̀sà, àti Àtúnṣe Tí Ó Tọ́ Sí I

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí láti Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú wá sí Èkó mọ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ń dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì láàrin ọ̀sà. Ariwo tí gbogbo èrò ti ń bú láti èbúté ni wọn yóò tún máa fẹ́ gbọ́. Afẹ́fẹ́ yóò dá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ ìgbì. Ìyá tí ó kó ẹja tútù sínú agbọ̀n yóò máa wo oòrùn. Atukọ̀ yóò sì máa fa okùn ẹ́ńjìnnì títí apá rẹ̀ yóò fi kú. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ọjà nìkan ni yóò bàjẹ́. Bí ìjì bá dé bá wọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀mí.

Mo ti fetí sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ atukọ̀ àti mẹkáníìkì lórí ọ̀ràn yìí, mo sì ti ka ìwé tí àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń fi sínú àpótí wọn, èyí tí ẹni tí ó rà á kì í sábà kà. Ohun tí mo rí dì mú ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré kì í sábà kú nítorí àrùn tí ó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Epo tí a bù fún un, omi tí ó ń mu, àti ọ̀nà tí a gbà so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ni ó ń pa á. Síbẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ni a ń kó owó lọ: a ó tú u, a ó ha á, a ó fẹ ihò rẹ̀ lójú kí ó lè sáré, nígbà tí kò sí ẹni tí ó yẹ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì wò.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ irú ẹ́ńjìnnì yìí di ọjà tí ó tà ní tòótọ́ ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Ìlú Milwaukee ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1909, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin kan àti ààbọ̀ lọ. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ayé rà. Bess, aya rẹ̀, ni ó ń bójú tó ìwé àti ìpolówó ọjà; ẹ̀yin ọlọ́jà yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìtàn tí a máa ń sọ nípa wọn ni pé Ole wa ọkọ̀ lọ ra áìsìkiriìmù fún un ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó sì ti yọ́ kí ó tó padà dé. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, ohun tí ń dun àwọn ẹlẹ́ja wa náà ni ó dùn ún.

Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sà wa títí di òní ni irú èyí tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróò rẹ̀. Kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé nínú ara rẹ̀ bí ti mọ́tò. Èyí tí ó bá bá bẹntiróò wọlé ni ó fi ń pa ara, lẹ́yìn náà ni yóò jó o dànù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé wọn sọ ni ọ́ìlì 1 sí bẹntiróò 50, èyí ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Láti ìgbà tí owó bẹntiróò ti fò sókè ní 2023, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú wọn ọ́ìlì, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́wó ná. Ọ́ìlì tí kò tó ni ó máa ń mú kí písítìn lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Owó tí ẹni náà rò pé òun fi pamọ́ ní oṣù mẹ́fà yóò lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí ó bá sì pọ̀ jù, èéfín àti ẹ̀dú yóò dí púlọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì ọ̀kadà kọ́ ni kí a lò. Èyí tí a kọ TC-W3 sí lára ni a ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù, nítorí kì í fi eérú sílẹ̀ bí ó bá jó tán.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí a tó fa okùn nígbà kejì, ẹ jẹ́ kí a wo okùn pupa kékeré tí atukọ̀ ń so mọ́ ọwọ́. Bí ìkọ́ rẹ̀ bá ti yọ, bí gbogbo ọkùnrin inú ọkọ̀ tilẹ̀ fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní jí. Èyí wọ́pọ̀ ju bí àwọn atukọ̀ ti ń jẹ́wọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ìdérí àgbá epo. Ìdè kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá wà ní dídè, ẹ́ńjìnnì yóò ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì kú bí ẹni tí a di nímú, nítorí epo kò lè jáde níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́pò rẹ̀.

Rọ́bà tí a ń fún lára ọ̀pá epo náà ní ọ̀rọ̀ í sọ, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í sì í tan ni jẹ. Bí a bá fún un tí ó le, epo ti dé òkè. Bí ó bá rọ̀ títí tí kò le, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan tàbí kí epo ti tán. Bí ó bá ń tẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nǹkan ti dí láàrin rẹ̀ àti àgbá. Nígbà náà ni ó tó kan púlọ́ọ̀gì. Kí a yọ ọ́, kí a sì wo ojú rẹ̀: bí ó bá tutù fún epo, epo ń dé ṣùgbọ́n iná kò mú un, bí ó bá gbẹ táútáú, epo ni kò dé, bí ó bá dúdú tí ó ń yọ̀, ọ́ìlì ti pọ̀, bí ó bá funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì náà ń jó gbígbóná ju bí ó ti yẹ lọ, kí a má ṣe tẹ̀ síwájú títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀. Àwọ̀ ara bíi ti obì gbígbẹ ni àwọ̀ àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ omi inú epo yẹ ní sísọ níyà, nítorí òun ni ó ń tan àwọn ènìyàn jù. Kẹ́ẹ̀gì tí kò kún, tí a fi sílẹ̀ mọ́jú létí omi, ìrì yóò sẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí ó ti ra omi mọ́ epo láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á fún un. Omi wúwo ju bẹntiróò lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń sùn sí. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè gbéra ní èbúté láìsí wàhálà, tí yóò sì kú nígbà tí ìgbì bá mi kẹ́ẹ̀gì láàrin ọ̀sà. Ẹ bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà tí ó pín wọn sí méjì. Ìgò kan kò ná ni ní nǹkan kan.

Omi ọ̀sà kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà láti fi tu ara rẹ̀. Rọ́bà kan ń yí nínú pọ́ǹpù nísàlẹ̀, ó ń ti omi sókè, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa tú jáde lẹ́yìn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Atukọ̀ tí kì í bojú wẹ̀yìn wo okùn omi yìí, èmi kò ní bá a wọkọ̀. Ọ̀rá tí a ń dà sódò, iyanrìn ibi tí omi kò jìn, àti koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó gba odò wá sí ilẹ̀ wa láti ìhà Badagry ní 1984 ni ó ń dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí okùn omi bá dáwọ́ dúró, kí a pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a gbé e sókè, kí a sì yọ ìdọ̀tí. Bí kò bá sí ìdọ̀tí, kí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò tí ó ń tú jáde, nítorí iyanrìn lè dí i lásán. Lẹ́yìn náà ni a tó lè fura sí rọ́bà inú pọ́ǹpù. Rọ́bà yìí kò lówó lórí, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi han oníbàárà pé ó ń dún, láàrin ìṣẹ́jú kan yóò ti jóná.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé orí àtúnṣe. Atukọ̀ tí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá kọjá rẹ̀ lójú omi kì í sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mẹkáníìkì yóò sì sọ fún un pé òun yóò ha orí ẹ́ńjìnnì náà kí ibi tí epo ti ń jó lè há sí i. Agbára yóò pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bẹntiróò tí a há mọ́ jù a máa bú gbàù kí àkókò rẹ̀ tó tó, ìlùkù náà ni ó sì ń dá ihò sí orí písítìn. Òmíràn yóò yọ irin kékeré tí ń ṣọ́ ooru omi sọnù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù jù kì í jó epo rẹ̀ tán, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sì ní yé dí.

Ọ̀kan wà tí èmi kò lè dá lẹ́bi. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ara kan náà ṣe ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 9.9 àti ti 15, tí ó fi jẹ́ pé kabúrétọ̀ ni olórí ohun tí ó yà wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ìwé wé ìwé, tí ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ rí, tí ó sì ra kabúrétọ̀ 15 gan-an, kò gé nǹkan kan, kò sì ha nǹkan kan. Kìkì pé kí ó rí i dájú pé ìdí ọkọ̀ òun lè gbà á.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ó lérè jù kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Wo irin pẹlẹbẹ tí ó wà lókè abẹ̀bẹ̀ tí ń yí lábẹ́ omi. Ó yẹ kí ó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kí ó fi nǹkan bí íǹṣì kan rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá ga jù, abẹ̀bẹ̀ yóò máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Bí ó bá rì jù, omi ni yóò máa fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kúkúrú jẹ́ íǹṣì 15, ti gígùn jẹ́ 20. Káfíńtà wa tí ó fi ojú wọn ìdí ọkọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè èyí tí a ó so mọ́ ọn. Pákó kan tí a kàn mọ́ ọn láàárọ̀ lè fún ọkọ̀ ní eré tí mẹkáníìkì kò lè fún un.

Lẹ́yìn èyí ni abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni a ń fín sí i lára. Èkíní ni fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni iye íǹṣì tí ì bá rìn síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan bíi síkúrù nínú pákó. Ọkọ̀ apẹja tí ó fúyẹ́ lè gbé nọ́ńbà ńlá. Ọkọ̀ tí ó kó àpò gààrí àti ogún èrò, kékeré ni ó yẹ ẹ́, bí alábàárù tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn ti ń gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Íǹṣì kan tí a bá dín kù yóò fi nǹkan bí 200 yíyí kún ti ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní aláìlágbára, tí a sì ń tú palẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tí kò bá ẹrù mu ni ó gbé wọ̀. Lára àwọn tí ó kéré, irin rírọ̀ kan wà tí ó di abẹ̀bẹ̀ mú, tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè kán bí abẹ̀bẹ̀ bá lu gẹdú, kí jíà má bàa fọ́. Kí a ní méjì nínú àpò. Ẹni tí ó bá fi ìṣó líle rọ́pò rẹ̀ ti fi jíà san owó ìṣó.

Ó ku ti ẹ́ńjìnnì tí ó bá já bọ́ sínú omi pátápátá. Kí a yọ ọ́, kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án dáadáa, kí a tú púlọ́ọ̀gì, kí a fa okùn títí omi yóò fi tán nínú rẹ̀, kí a rọ ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí a sì mú un ṣiṣẹ́ láàrin wákàtí díẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá jìnnà, kí a tún rì í padà sínú àgbá omi òjò títí yóò fi dé, bí ó tilẹ̀ dà bí ìwà wèrè lójú àwọn tí ń wòran. Nítorí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kan irin tí ó ti mu omi iyọ̀ ni ìpẹtà ń yára jẹ ẹ́.