Kí Kímò Àkọ́kọ́ Tó Wọlé Sára: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìbàràpá

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ará ìgbèríko. Tọmọdé tàgbà ní Ìbàràpá ló ti gbọ́ orúkọ UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Síbẹ̀, bí dókítà bá kọ̀wé lé aláìsàn lọ́wọ́ pé kó lọ gba kímò, oògùn jẹjẹrẹ, níbẹ̀, àyà gbogbo ilé a já.

Ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ̀rù mú aláìsàn dákẹ́, kó lọ láìmúra, kó sì pa ìtọ́jú tì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìmúra tó bá ṣe ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò ràn án lọ́wọ́ láti parí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kímò ń ṣe

Kímò, ìyẹn kímótẹ́rápì, jẹ́ oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Òmíràn jẹ́ oníhóró, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fà á sí iṣan ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń fi sí àárín ọ̀kan sí èkejì kí ara lè sinmi.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ ló ń bá jà. Irun, awọ inú ẹnu àti mùdùnmúdùn eegun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá náà ń yára dàgbà, nítorí náà ó ń kàn wọ́n, bí oògùn apakoríko ṣe máa ń ta sí ẹ̀gẹ́ lára. Òun ló ń fa irun jíjá, ẹnu bíbó, èébì àti àárẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í ṣe gbogbo èèyàn. Oògùn tó ń dá èébì dúró sì wà.

Àgbo ńkọ́?

Ewé lágbára lóòótọ́. Ara òdòdó kan tó wá láti erékùṣù Madagascar ni wọ́n ti yọ vincristine, oògùn kímò tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wọn ọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, nítorí bó bá lé díẹ̀, ó lè pa èèyàn. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife àgbo. Ó lè dí kímò lọ́wọ́, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Kí aláìsàn sọ gbogbo ohun tó ń mu fún dókítà, títí kan àgúnmu.

Ìmúra ọkàn

Jẹjẹrẹ kì í ran ẹni tó bá aláìsàn jẹun tàbí tó bá a sùn. Kí aláìsàn yan ẹnì kan, ìbáà ṣe ọkọ, ìyàwó tàbí àbúrò, tí yóò máa bá a lọ, tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Obìnrin tó bá fá orí láàárín wa, opó ni àwọn kan á kọ́kọ́ pè é. Ó dáa kó ti gé irun mọ́lẹ̀, kó ra fìlà tàbí ìborùn, kó sì ti mọ èsì tí yóò fún aládùúgbò. Irun náà sábà máa ń hù padà lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú.

Kí aláìsàn má sì sọ ìrètí nù. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, ní jẹjẹrẹ ọmú, ó sì rù ú là. Ní 1997, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti ran àwọn tó ní àìsàn náà lọ́wọ́.

Ọ̀nà, ilé àti owó

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣáájú kímò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè sún ọjọ́ síwájú bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó. Ẹni tó ń ti Igbó-Ọrà gba Èrúwà lọ sí Ìbàdàn yẹ kó ti bá ẹbí kan sọ ọ́ níbẹ̀ pé òun lè sùn mọ́jú. Kí ará ilé ti pín iṣẹ́ oko láàárín ara wọn.

Abiyamọ kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lọ́mú lásìkò kímò. Ó ní láti tètè ṣètò oúnjẹ ọmọ, pàápàá bó bá jẹ́ ìyá ìbejì. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó sọ fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

UCH wà lára ilé ìwòsàn mẹ́fà tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ Cancer Health Fund, owó ìrànwọ́ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ tàbí ti prostate. Kí aláìsàn béèrè bóyá òun lè wọlé sí i kó tó ta ilẹ̀.

Bí ara bá gbóná

Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Bí ara bá gbóná dé 38°C, ọ̀pọ̀ á pè é ní ibà lásán, wọ́n á sì ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Ìyẹn lè gba ẹ̀mí. Ẹ ra tẹmómítà sílé. Ẹ gba ìwé tó dárúkọ oògùn yín lọ́wọ́ dókítà. Bí ara bá gbóná, ìbáà jẹ́ lóru, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó ń gba kímò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.