Àlejò kì í ṣe ti Kérésì nìkan: Èrè tó wà nínú oṣù tí èrò dín kù fún oníṣòwò Ṣómólú àti Bàrígà

Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, kò sí oníṣòwò kékeré kan ní Ṣómólú àti Bàrígà tí kò ní mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń dé. Ilé àlejò á kún, àwọn télọ̀ kò ní sùn, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú á sì máa lọ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ọdún tuntun pọ̀ mọ́ra wọn. "Detty December" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe àsìkò náà. Ṣùgbọ́n tí ọdún tuntun bá ti wọlé tán, yàrá á ṣófo, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á dákẹ́. Owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kì í dákẹ́ ní tiwọn.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé, ṣé oṣù kejìlá nìkan ni àlejò lè wá sí Nàìjíríà ni? Rárá o. Ní Brazil, tí òun náà jẹ́ orílẹ̀-èdè ńlá tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa, èrò máa ń pọ̀ láti ìparí oṣù kejìlá títí di ìgbà ọdún Carnival, ó sì tún máa ń pọ̀ nínú oṣù keje tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ìsinmi. Láàárín méjèèjì, àwọn onílé ìtura máa ń dín owó kù, wọ́n á sì rí oníbàárà tí kò fẹ́ wàhálà èrò. Àsìkò bẹ́ẹ̀ wà nílé wa náà.

Ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń tọ́ka sí i. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù l'Ékòó. Á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá di oṣù kọkànlá, ilẹ̀ ti ń gbẹ, èrò Kérésì kò sì tíì dé. Oṣù kejì àti ìkẹta náà wà níbẹ̀: ooru ń mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ńlá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń fowó lé tíkẹ́ẹ̀tì nítorí Kérésì kì í gba iye kan náà ní àsìkò méjèèjì yìí.

Àlejò tó bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Àwọn tó ní ọmọ nílé ìwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò lè wá nígbà tó bá wù wọ́n. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹwàá àti àárín oṣù kejì ni wọ́n lè lò, tàbí ti Ọdún Àjíǹde. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ìdíwọ́ yìí. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà, tí òfin ECOWAS gbà láyè láti lo 90 ọjọ́ láì gba físà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà, pọ́ùn àti dọ́là tí àlejò mú wá ń di náírà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni iye owó. Yàrá tó ṣófo lálẹ́ òní kò ṣe é tà mọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó náà ní ìwọ̀n. Ká ní ilé àlejò kan ń gba 20,000 náírà lálẹ́ kan nínú oṣù kejìlá, tí owó omi, ọṣẹ, fífọ aṣọ ibùsùn àti epo jẹnẹrétọ̀ tí àlejò kan ń fà sì jẹ́ 6,000 náírà. Tó bá gba 14,000 nínú oṣù kejì, 8,000 á ṣẹ́ kù tó máa bá a san owó ọlọ́dẹ àti owó ilé, èyí tó gbọ́dọ̀ san bí àlejò wá, bí kò wá. Tó bá fi ìbẹ̀rù gba 5,000, òun gan-an ló fi 1,000 kún un fún àlejò náà. Nítorí náà, kí oníṣòwò tó dín owó kù, kó kọ́kọ́ kọ ìnáwó tó so mọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ti àwọn atẹ̀wé yàtọ̀. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà àti dáyárì ti kún ọwọ́ wọn nínú oṣù kọkànlá, oṣù kejì àti ìkẹta ni ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀. Pépà àti ínkì kì í sì í wálẹ̀ nítorí pé èrò dín kù. Dọ́là ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Owó iṣẹ́ nìkan ni atẹ̀wé lè dín kù, kì í ṣe owó pépà. Ohun mìíràn tó ní láti tà lásìkò náà ni àyè: oníbàárà á lè yẹ iṣẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á sì tètè jáde.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa wo ọjọ́ ààwẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Oṣù kejì àti ìkẹta ló bọ́ sí lọ́dún 2026, àsìkò Lẹ́ńtì sì wà nítòsí rẹ̀. Àríyá máa ń dín kù nígbà náà, nítorí náà, ìnáwó tó máa tẹ̀ lé Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Àjíǹde ni kí atẹ̀wé àti alásè máa wá kiri nígbà tí ààwẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́.

Inú oṣù kejìlá gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣòwò gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo àlejò tó bá wọlé, kó bi í bóyá ìnáwó kan ń bọ̀ nílé wọn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, kó fi iye owó oṣù kọkànlá àti ti oṣù kejì ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú iye àsansílẹ̀ tó fẹ́ gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: onílé àlejò, alásè, télọ̀, atẹ̀wé àti ẹni tó ń fọkọ̀ háyà lè para pọ̀ dá iye kan fún ẹni tó ń bọ̀ wá sìnkú tàbí ṣílé, kí oníkálukú sì mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ kí àlejò tó dé. Ẹni tó bá jókòó de Kérésì nìkan yóò máa fi èrè oṣù kan bọ́ oṣù mọ́kànlá tó kù.