Bí A Ṣe Lè Ka Ìwé Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Lọ́fẹ̀ẹ́ Láìrú Òfin

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó, nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó orí tàbí owó ìfẹ̀yìntì ni mo bá wá. Owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa kí a tó lè ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa àìsàn tí ó ń bá ọmọ wa jà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó sún mọ́ wa jù. Àrùn fọ̀níkú-fọ̀larinde, tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àjọ tí ń yẹ oògùn wò ní ilẹ̀ yìí fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Casgevy. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NICE gbà pé kí NHS máa fi tọ́jú àwọn aláìsàn kan. Ìròyìn náà kún inú fóònù wa. Àwọn kan ní ìwòsàn ti dé pátápátá, àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ fi àwa aláwọ̀ dúdú dán nǹkan wò ni. Ìyá kan láàárín wa bi mí pé èwo ni ká gbà. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ má gba èyíkéyìí, mà, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn kọ.

Inú New England Journal of Medicine ni ìwé náà ti jáde ní 2024. Aláìsàn 44 ni wọ́n tọ́jú. Nínú 30 tí wọ́n ti ṣọ́ fún àkókò tí ó tó, 29 ni ìrora ńlá àìsàn náà kò dà láàmú fún ó kéré tán oṣù 12. Ìwé kan náà sọ̀rọ̀ nípa oògùn líle tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn láti palẹ̀ mùdùnmúdùn eegun àtijọ́ mọ́, àti wàhálà tí ó bá a rìn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí àwọn méjèèjì ṣe sọ ọ́. Àkékúrú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà níwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí iye àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ sì ni àkékúrú náà fún gbogbo ayé. Ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ ka ìyókù ni ọ̀rọ̀ ń di ti owó. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀, kí wọ́n béèrè 30 pọ́n-ùn fún ìwé kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tuntun.

Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì ìlú yìí, n kò mọ̀ pé wọ́n ń tà wọ́n. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣí. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí ni ilẹ̀kùn tì. Mo wá jókòó ti ìṣirò náà gẹ́gẹ́ bí oníṣirò. Ta ni ó ń sanwó fún ìwádìí? Ìjọba ni, láti inú owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa, àti àwọn àjọ aláàánú. Olùtẹ̀wé kì í sanwó fún onímọ̀ tí ó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kì í sábà gba kọ́bọ̀. Yunifásítì á tún wá ra iṣẹ́ náà padà. N kò sọ pé olùtẹ̀wé kò ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ síwájú mi, màá béèrè ìdí tí a fi sanwó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti béèrè bẹ́ẹ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ gbé ìkéde kan jáde láti ìlú Budapest pé kí ìwé ìwádìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wellcome Trust tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ó ń gba owó rẹ̀ ní 2005. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2022, UKRI, àjọ tí ń pín owó ìwádìí ìjọba níhìn-ín, ní kí ìwé ìwádìí di ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá jáde. Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ fún ìwádìí ìlera ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìwé tí a rò pé a tì pa ní ẹ̀dà mìíràn tí ó wà ní gbangba.

Ibo wá ni a ó ti rí i? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ kọ àkọlé ìwé náà ní kíkún sínú Google Scholar. Bí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bá wà, ẹ ó rí i ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "All versions" sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ yunifásítì òǹkọ̀wé ni ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ ìlera, PubMed Central, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2000, àti Europe PMC ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí. Àwọn ọmọ yín lè fi Unpaywall sínú kọ̀ǹpútà yín lọ́fẹ̀ẹ́: bí ẹ̀dà tí ó bófin mu bá wà níbikíbi, yóò júwe rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ ohun tí ó wà nítòsí ilé wa. Láti 2014 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Access to Research ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn olùtẹ̀wé fi gbà kí àwọn ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ ṣí ìwé wọn fún ẹni tí ó bá wọlé wá. Inú ilé ìkàwé nìkan ni ẹ ti lè kà á, kì í ṣe lórí fóònù nílé. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín bóyá wọ́n wà nínú ètò náà. Gbogbo wa ni a mọ Peckham Library, ilé aláwọ̀ ewé tí orí rẹ̀ yọ síta, tí ó gba ẹ̀bùn Stirling ní 2000 tí wọ́n ṣí i. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ti ń bọ̀ wálé sí North Peckham ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ náà mọ ohun tí ilé ìkàwé wà fún.

Bí gbogbo èyí kò bá so èso, ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé. Àdírẹ́sì ímeèlì ẹnì kan nínú wọn sábà máa ń wà pẹ̀lú àkékúrú ọ̀rọ̀. Ẹ kí i, ẹ sọ àkọlé ìwé náà àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ kà á, gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Onímọ̀ kì í gba owó lórí ìwé náà, nítorí náà inú rẹ̀ sábà máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ nílé, ẹ sọ fún wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé dá Hinari sílẹ̀ ní 2002. Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn wọn ni yóò forúkọ sílẹ̀. African Journals Online náà wà, láti 1998, fún ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ wa; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣí sílẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀yìn wà tí àwọn ọmọ yín mọ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kan ní New York ní kí irú wọn san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún olùtẹ̀wé kan. N kò ní júwe rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àwọn ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onímọ̀ mìíràn kò tíì yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń kọ "preprint" sí i lórí. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sanwó ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ má tìtorí ohun tí ẹ kà dá oògùn dúró: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ mú un lọ bá dókítà yín, kí ẹ sì bi í léèrè.

Ẹni tí ó bá ní àkọlé ìwé kan tí ó ń wá, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ètò yìí, kí ó sì wá bá mi nídìí tábìlì akápò lẹ́yìn ijó àwọn ọmọdé. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá.