Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù: Bí Ẹ Ó Ṣe Dènà Àìjẹunrekánú

Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí ìsanrajù, àti ẹni tó ń dáná fún un, ló ni ìwé yìí. Ó dùn mọ́ni bí ara ṣe ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n ara tó fúyẹ́ lè máa ṣaláìní èròjà. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ara kò lè fi ìyẹn hàn yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi í hàn.

Ohun tó ń fà á

Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò ikùn kúrò. Nínú ti bypass, oúnjẹ kì í gba apá àkọ́kọ́ ìfun kọjá mọ́. Apá yẹn gan-an ni ara ti ń gba èròjà iron tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti calcium tó ń gbé eegun ró. Àpò ikùn náà ló ń pèsè ohun tí ara fi ń gba fítámì B12.

Oúnjẹ

• Ẹ kọ́kọ́ jẹ amúaradàgbà: ẹja, ẹyin, adìẹ, mọ́ínmọ́ín, wàrà. Ó kéré tán, gíráàmù 60 ni ara ń fẹ́ lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Òkèlè ló kàn, díẹ̀ ni kó sì jẹ́.
• Ògì lásán kò tó. Ẹ po mílíìkì mọ́ ọn.
• Ẹ rún oúnjẹ kúnná. Bí ikùn bá ti kún, ẹ dáwọ́ dúró.
• Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó lítà kan ààbọ̀ lóòjọ́.

Oògùn títí ayé

Ẹ óò máa lo fítámì alápapọ̀, B12, calcium pẹ̀lú fítámì D, àti iron, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ẹ má lo calcium àti iron pọ̀. Ẹ fi wákàtí méjì sí àárín wọn. Ẹ má fi tíì gbé iron mì. Àgbo kò lè rọ́pò àwọn oògùn yìí. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara yá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ẹ ṣe é ní oṣù 3, oṣù 6 àti oṣù 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ní ọdọọdún.

Oyún àti ààwẹ̀

Ẹni tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé tẹ́lẹ̀ lè tètè lóyún bí ara bá ti fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tó oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ẹ tó lóyún. Lẹ́yìn bypass, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbààwẹ̀, ìbáà ṣe ti Ràmàdáánì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí:

• èébì kò bá dáwọ́ dúró
• ojú bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ìrìn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ọkàn ń dàrú
• ẹsẹ̀ bá ń wú, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kú
• ojú kò bá ríran lálẹ́ mọ́

Èébì tó pẹ́ lè mú kí fítámì tí wọ́n ń pè ní thiamine tán lára, èyí sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kí wọ́n lè fún yín ní thiamine kí wọ́n tó fa omi oní-gúlúkóòsì sí yín lára. Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ti ṣe é, ẹ gba ìwé tó sọ irú èyí tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan nílé.