Kí Ni Agbanisíṣẹ́ Máa Tẹ̀ Kó Tó Rí Ẹ?

Ní gáréèjì Ìdó, kọ̀ndọ́kítọ̀ kì í pariwo pé "ọkọ̀ mi dáa o!" Ibi tó ń lọ ló máa ń pè, torí ohun tí èrò ń tẹ́tí sí nìyẹn. Bó ṣe yẹ kí pírófáìlì LinkedIn ẹ náà rí nìyẹn.

O lè mọ iṣẹ́ dunjú, kí wọ́n má sì rí ẹ. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, bí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ibi tó ti jáde. Bí agbanisíṣẹ́ bá tẹ "accountant", "Excel" àti "Lagos", ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà ni ẹ̀rọ máa kó jọ. "Hardworking graduate" ńkọ́? Ta ló máa tẹ ìyẹn?

Àkọlé abẹ́ orúkọ ẹ gba lẹ́tà 220. Orúkọ iṣẹ́ ẹ ni kó o fi síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìpolówó iṣẹ́. Ka ìpolówó bíi márùn-ún, wo ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra, kó o sì mú èyí tó o mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ní àyè ìlú, má kọ Ìdó nìkan. Ìdó wà l'Ékìtì, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mú Lagos.

Èyí tó o kọ tó ò mọ̀, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa tú àṣírí ẹ̀. Èyí tó o mọ̀ tó ò kọ, lójú ẹ̀rọ, o ò mọ̀ ọ́n.